Ìró Tí Mutala Kò Gbọ́

Fáòsíà dín eré kù nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Kotobabi ní Accra, ó jẹ́ kí ọkọ̀ akérò tròtrò kan kọjá, ó sì fún alùpùpù tí ó tún ṣe fúnra rẹ̀ ní epo dé òpin. Bàbá rẹ̀, Mutala, jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó di ìjókòó mú, ó pa ojú dé bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Báyìí ni bàbá náà ti ń ṣe láti ìgbà tí wọn kò tíì bí Fáòsíà. Alùpùpù kan kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Mutala ní Alajo láìjẹ́ pé ó jókòó sẹ́yìn ẹni tó ń wà á, kí wọ́n jọ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí, kó sì fi etí wá àléébù tó bá fara pamọ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá gbọ́ ohun tí kò dáa, á fọwọ́ kan ẹni tó ń wà á léjìká. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á dákẹ́ títí wọ́n á fi padà dé, á sọ̀ kalẹ̀, á ní, "Ó ti sọ̀rọ̀." Nígbà náà ni oníbàárà tó lè gbé alùpùpù rẹ̀ lọ.

Ẹ́ńjìnnì náà fò mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà bí ẹranko tó já okùn. Inú Fáòsíà ń dùn. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé òkè ni ó gbọ́ ìró kan, tínínrín, ó ń ta ṣaṣaṣa bí ìgbà tí ènìyàn da ìrẹsì gbígbẹ sórí páànù. Ó mọ ìró náà. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ pé bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì tó ń gbé ẹrù, iná inú rẹ̀ á gbóná sódì, á sì máa kígbe báyẹn. Ó ń retí ọwọ́ lórí èjìká rẹ̀.

Ọwọ́ náà kò wá. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tán, ìró náà sì dákẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, Mutala sọ̀ kalẹ̀, ó fi aṣọ nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti sọ̀rọ̀," ó wí.

Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn alùpùpù náà. Ó wà lára ohun tí àgbàrá òjò oṣù kẹfà bò mọ́lẹ̀ lọ́dún tí omi wọ ilé káàkiri Accra. Omi kún ṣọ́ọ̀bù náà dé àyà àgbàlagbà. Àwọn irinṣẹ́ bàbá Fáòsíà ṣàn lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ di ìpẹtà, wọ́n sì ń fi garawa bu ẹrẹ̀ jáde nínú yàrá tí wọ́n ń sùn. Nígbà tí Mutala fa alùpùpù rẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Fáòsíà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀ fún òun.

Láàárọ̀, ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí ó jẹ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo nínú kíláàsì àwọn tó ń kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì. Lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ lórí irin ẹlẹ́rẹ̀ náà. Ó mú sílíńdà rẹ̀ lọ bá àwọn tó ń gbẹ́ irin ní Abossey Okai kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú sí i, ó ki písítìn tó tóbi sínú rẹ̀, ó ha ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde títí ó fi ń dán, ó sì wá kabúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé, lára alùpùpù mìíràn, èyí tó tóbi ju tirẹ̀ lọ, ó dè é mọ́ ọn. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin kì í ṣe fítà tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, pé kó lọ máa ta wàkye, ìrẹsì ẹlẹ́wà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ dáhùn, tó sì bú ramúramù, kò sí ẹni tó dárúkọ wàkye mọ́.

Nísinsìnyí, Abdulhameed, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ló máa gùn ún nínú ìdíje tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kadà kan fẹ́ ṣe ní ọjọ́ Sátidé lórí òkè kan lẹ́yìn Aburi. Alùpùpù ni Abdulhameed fi ń gbé ọjà káàkiri fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn tó o ní gbogbo agbègbè wọn.

Olùkọ́ Fáòsíà, Màdáámù Afua, ti sọ fún un pé kó gbé alùpùpù náà wá sí ilé ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní dáínò. Wọ́n á gbé táyà ẹ̀yìn alùpùpù lé orí irin roboto ńlá kan tó ń yí, ẹ̀rọ náà á sì máa di irin náà mú díẹ̀díẹ̀, bíi pé alùpùpù ń gun òkè tí kò lópin. Kọ̀ǹpútà á wá máa fi hàn bí agbára rẹ̀ ṣe tó, àti bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe ń pàdé nínú rẹ̀. Fáòsíà ti bi olùkọ́ rẹ̀ nígbà kan pé ṣé dandan ni, nígbà tí òun lè fi etí àti ojú ṣe é.

"Ẹ́ńjìnnì tó bá wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, àwọn tó ṣe é ti wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó tà á," Màdáámù Afua dá a lóhùn. "Tìrẹ ti yàtọ̀. Kò sí irú rẹ̀ níbikíbi. Ta ló wọ̀n ọ́n?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fáòsíà létí, ó sì ti ṣèlérí pé òun á wá. Ṣùgbọ́n ìyẹn ṣáájú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kotobabi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, Olúbáyọ̀ tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní ìsọ̀ kejì gbọ́ pé Fáòsíà ń wá ẹni tó máa bá a gbé alùpùpù náà sínú ọkọ̀ lọ sórí dáínò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í pa ẹnu mọ́.

"Ṣálè, ọ̀rẹ́ mi, kọ̀ǹpútà kẹ̀?" ó wí. "Ìwọ ọmọ Mutala? Bí ọmọ alágbẹ̀dẹ bá gbé àdá lọ sí ìlú mìíràn kí wọ́n bá a pọ́n ọn, kí lo rò pé aládùúgbò máa wí? Wọ́n á ní etí Màsítà, bàbá rẹ, ti di nìyẹn. Àwọn ọmọ Kotobabi tó ń pe àwa Yorùbá ní Anago á ní ẹ ò rí àwọn Anago, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń fọ́nnu ti sú wọn."

Gbogbo àwọn tó wà ní ìsọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Àwàdà lásán ni. Fáòsíà nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé àwàdà náà kì í ṣe irọ́.

Ó jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó ronú. Bàbá rẹ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí kankan lára ògiri. Ìlú onílùú ni bàbá tirẹ̀ bí i sí, kò sí ilẹ̀ tàbí ilé tí wọ́n jogún. Etí yẹn ni ilẹ̀ wọn, òun ni ilé wọn. Láti Nima títí dé Ashaiman ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ wá bá a nítorí etí yẹn. Fáòsíà sì mọ ibi tí ó ti bàjẹ́. Ní àwọn ọdún dúmsọ̀, nígbà tí iná kì í dúró, jẹnẹrétọ̀ ló kún iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, Mutala sì máa ń tẹ̀ lórí wọn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí mẹ́ta mẹ́rin wọn á máa ké pọ̀. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni fóònù ti ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ tí kò ní bojú wò ó. Ohùn ńlá ń wọ̀ ọ́ létí, ohùn tínínrín ni kò wọ̀ ọ́ mọ́. Fáòsíà ti rí gbogbo èyí, kò kàn fún un lórúkọ ni.

Ó pinnu pé kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Nígbà tí ó dé ilé ẹ̀kọ́ ní Ọjọ́bọ̀ lọ́wọ́ òfo, Màdáámù Afua béèrè alùpùpù. Fáòsíà ní bàbá òun ti gbọ́ ọ, ó sì ní kò sí àléébù. Olùkọ́ náà ní òun bọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀, ó sì pẹ́ tí òun ti mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kotobabi kò tó nǹkan, òkè Aburi sì gùn. Ẹni tó gbé ẹrù kọjá ojú gọ́tà kò tíì lè sọ pé ọrùn òun yóò gbà á dé ọjà.

"Bàbá mi ti gbọ́ ọ, Màdáámù," Fáòsíà tún wí.

Olùkọ́ náà kò fipá mú un.

Ní Sátidé, ọ̀pọ̀ èrò tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà òkè náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gùn ún, wọ́n á sì wo àkókò tí ẹni kọ̀ọ̀kan lò dé òkè. Mutala wọ jalabíà funfun rẹ̀, ó dúró láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìyàwó fún ọmọ. Abdulhameed dé àṣíborí rẹ̀, ó sì fa Fáòsíà sún mọ́ra.

"Fáò, ṣé nǹkan yìí kò ní já mi kulẹ̀?"

Ìró ìrẹsì lórí páànù ń dún lọ́kàn rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Kò ní já yín kulẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," ó wí, ó sì wo ojú Abdulhameed.

Alùpùpù náà gbéra bí ìgbà tí wọ́n ta ọfà. Kò tíì sí èyí tó ké tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ náà. Ó kọjá kọ́nà kìíní, ariwo èrò sọ. Ó wọ kọ́nà kejì, ó ń gòkè lọ, ó ń gòkè lọ, ohùn rẹ̀ ń le sí i. Lójijì, ohùn náà gé. Táyà ẹ̀yìn dì gbagidi, alùpùpù náà yí ẹ̀gbẹ́, Abdulhameed sì balẹ̀ lórí òdà. Nígbà tí Fáòsíà fi máa sáré débẹ̀, ó ti jókòó, ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Egungun èjìká rẹ̀ ti ṣẹ́. Dókítà tó bá a tò ó sọ pé kò gbọdọ̀ gun alùpùpù títí egungun náà yóò fi mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì, Mutala tú ẹ́ńjìnnì náà. Ó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ lọ sílé, òun àti Fáòsíà nìkan ló kù. Ihò wà láàárín písítìn náà, ètè ihò náà sì yọ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka gbígbóná gún orí àbẹ́là. Mutala yí i lọ, ó yí i bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ́ńjìnnì kì í kú báyìí láìkígbe," ó wí. "Ó ti ní láti kígbe lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ṣé o gbọ́ ọ?"

Fáòsíà ń fi aṣọ nu irinṣẹ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Fáòsíà, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́ ọ, Bàbá."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Nítorí ẹ̀yin kò gbọ́ ọ."

Omijé ń bọ́ lójú Fáòsíà, kò sì nù ún. Mutala gbé písítìn náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn.

"Mo ti fura sí ara mi," ó wí. "Èmi náà ò sọ fún ẹnì kan. A jọ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, ọmọ mi. Mo lè pàdánù etí mi kí n ṣì jẹ́ Mutala. Ká ní Abdulhameed kú nítorí kí orúkọ mi má baà bàjẹ́, kí ni wọn ì bá máa pè mí? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

Ó dìde, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Kò gbẹnu sọ fún un. Fáòsíà fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ níwájú Abdulhameed àti ìyá rẹ̀, tó sọ ohun tí ó gbọ́ àti ìdí tí kò fi sọ ọ́. Ìyá Abdulhameed kọjú sí ògiri. Abdulhameed kò bú u.

"Ìṣubú náà kọ́ ló dùn mí jù," ó wí. "Mo bi ọ́, o sì wo ojú mi."

Gbólóhùn náà wúwo ju ìlagbà lọ. Láti ọjọ́ kejì, bí Fáòsíà bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, á gun alùpùpù Abdulhameed, á máa gbé ọjà fún àwọn oníbàárà rẹ̀ nínú oòrùn àti nínú òjò, kí wọ́n má baà wá ẹlòmíràn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí egungun fi mọ́ra. Ẹnì kan kò rán an. Ìgbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá Abdulhameed bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ pamọ́ dè é.

Ní ti Mutala, ó pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì sọ fún wọn pé etí òun kò gbọ́ ohùn tínínrín mọ́, kí wọ́n má ṣe gbára lé e nìkan. Fáòsíà tẹ orí ba. Ó ń retí ìtìjú tí ó ti ń sá fún.

Olúbáyọ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ṣé ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ pè wá nìyẹn, Màsítà? Láti ìgbà dúmsọ̀ ni gbogbo wa ti ń pariwo bá yín sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi tiẹ̀ ń bi mí pé ṣé mo ń bá yín jà ni."

Mutala ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá a rín in. Fáòsíà gbójú sókè. Àṣírí tí egungun ènìyàn ti ṣẹ́ nítorí rẹ̀, gbogbo Alajo ló ti mọ̀ ọ́n. Kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti máa gbé ẹ̀rọ wá bá bàbá rẹ̀.

Wọ́n wá písítìn mìíràn, wọ́n tún sílíńdà ṣe, wọ́n sì kọ̀wé sí Màdáámù Afua. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé alùpùpù náà lọ, Mutala bá wọn lọ, nínú jalabíà funfun rẹ̀ kan náà. Wọ́n fi okùn de alùpùpù mọ́ orí dáínò, wọ́n gbé fáànù ńlá sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń yẹ èéfín wò bọ ibi tí èéfín ń gbà jáde. Fáòsíà jókòó sórí rẹ̀. Bí ó ti ń fún un ní epo, ìlà kan ń gòkè lójú kọ̀ǹpútà. Ní ìsàlẹ̀ ó dára, láàárín ó dára. Nígbà tí ó fẹ́ dé òkè, ìlà kejì, èyí tó ń fi epo àti afẹ́fẹ́ hàn, yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Màdáámù Afua gbé ọwọ́ sókè, Fáòsíà sì pa á kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe.

Mutala sún mọ́ kọ̀ǹpútà náà. "Kí ni ìlà yẹn ń sọ?"

"Ibí ni afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ, Bàbá. Ibí ni ó ti ń kígbe lọ́jọ́ yẹn."

Bàbá náà fi ìka tọ ìlà náà láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ó ti yà.

"Báyìí ló ṣe rí," ó wí jẹ́jẹ́.

Fáòsíà tú kabúrétọ̀, ó yọ irin kékeré tí epo ń gba ojú ihò rẹ̀ kọjá, èyí tí àwọn fítà ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, ó fi èyí tí ihò rẹ̀ tóbi sí i rọ́pò rẹ̀. Ó pọ̀ jù, agbára dín kù. Ó wá èyí tó wà láàárín, ó gbé abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀ sókè díẹ̀, ó tún gbìyànjú. Ìlà méjèèjì gòkè pọ̀ láìyà, wọ́n gòkè kọjá ibi tí ó ti kú lórí òkè Aburi, agbára tó jáde sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti alùpùpù tó tóbi jù ú lọ dáadáa. Ọkùnrin tó ń bójú tó dáínò náà súfèé. Ó yíjú sí Mutala, ó kí i kú iṣẹ́, ó ní ó pẹ́ tí òun ti rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe tó dára báyìí.

Mutala gbé àyà sókè.

"Èmi kọ́," ó wí. "Ọmọ mi obìnrin tó jókòó sórí rẹ̀ yẹn ni. Mo kọ́ ọ débi tí mo mọ̀, ó sì ti kọjá ibẹ̀."

Nígbà tí ìdíje mìíràn dé, Abdulhameed fúnra rẹ̀ ló ní òun máa gùn ún. Ó bi Fáòsíà ní ìbéèrè kan náà, Fáòsíà sì sọ ohun tí ó mọ̀ fún un àti ohun tí kò mọ̀. Ó dé òkè pátápátá. Ipò kẹta ni wọ́n gbé, ẹni tó bá rí bí àwọn ará Alajo ṣe ń fò máa rò pé ipò kìíní ni.

Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé alùpùpù wá sí ṣọ́ọ̀bù náà, tó ń béèrè bóyá dandan ni kí òun lọ sórí dáínò, Fáòsíà kì í fi ìbéèrè náà ṣeré. Bó bá jẹ́ pé bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é ló ṣì wà, wọ́n á bá a tún un ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ náà á sì dára. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ sílíńdà, tó ti yí kabúrétọ̀ padà, Fáòsíà á ní kó lọ wọ̀n ọ́n, kó tó gbé ẹ̀mí ènìyàn lé e. Kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀ fún fítà kankan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sá fún òṣùwọ̀n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹ fẹ́ràn àwọn òbí yín, ẹ sì máa fi wọ́n yangàn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi irọ́ ṣọ́ orúkọ wọn. Òtítọ́ tí ẹ bá sọ lásìkò ni iyì tó dára jù tí ẹ lè bù fún wọn.